Ìwé Anna Hinderer àti Àwọn Tí Kò Kọ Ìwé

Púpọ̀ nínú wa ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ni ó ti gbọ́ orúkọ Hinderer nítorí ìjọ Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ti ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Seventeen Years in the Yoruba Country ni orúkọ rẹ̀. Ní 1872 ni a tẹ̀ ẹ́, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Anna Hinderer, láti inú àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ó fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa kà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n la ojú sílẹ̀ bí wọ́n ti ń kà á.

Ọmọ Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin yìí. Ní 1852 ó di aya David Hinderer, ọmọ Jámánì tí í ṣe òjíṣẹ́ C.M.S., wọ́n sì dé Ìbàdàn ní 1853. Ohun tí ó dára jù nínú ìwé náà ni pé kò fi iṣẹ́ òòjọ́ pamọ́. Níbẹ̀ ni a ti rí ilé amọ̀, ibà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ìwé A B D, àti àwọn ọmọ tí a fà lé e lọ́wọ́ láti tọ́. Yéjídé àti arákùnrin rẹ̀, ọmọ olóyè kan ní ìlú náà, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó sì tán nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù wọn, àní agolo àti àpótí òfìfo, kí agbo ilé lè jẹun. Ẹni tí ó bá rò pé orí àga ìwàásù nìkan ni iṣẹ́ ìhìnrere wà, kí ó ka ibẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àbùkù méjì. Èkíní ni pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣa àwọn lẹ́tà náà jọ, fún àwọn tí ń fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. A kì í kọ̀wé sí olùrànlọ́wọ́ bí a ti ń kọ ọ́ sí aládùúgbò. Èmi náà ti kọ ìròyìn sí àwọn àgbà mi rí, mo sì mọ ohun tí a máa ń gbé síwájú àti ohun tí a máa ń fi sẹ́yìn. Nítorí náà ni òkùnkùn Ìbàdàn fi pọ̀ nínú ìwé náà, tí ọgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn sì kéré.

Èkejì ni ipò tí a fi àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sí. Orúkọ Daniel Olúbì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ rere nínú ilé ni a ṣe ń rí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, òun ni ó di ìjọ náà mú. A fi í joyè àlùfáà, ó sì sìn títí ó fi kú ní 1912. Ọdún mẹ́tàdínlógún ní ìwé. Ọdún mẹ́tàlélógójì kò ní irú rẹ̀.

Kí ni èyí kan Èkìtì? Ó kàn wá gidigidi. Ní ìgbà tí Anna Hinderer ń kọ́ ọmọ ní ìwé, àwọn ará ilé wa wà ní ìlú kan náà bí ẹrú, nítorí ogun Ìbàdàn wọ ilẹ̀ wa léraléra. Òun fi ìfẹ́ inú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ òkèèrè; okùn ni a fi fa àwọn wọ̀nyí lọ sí tiwọn. Nígbà tí ogun Kírìjì parí pátápátá ní 1893, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wálé, àwọn kan sì mú ìgbàgbọ́ tí wọ́n rí ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta bọ̀. Ọdún náà gan-an ni a fi Charles Phillips, ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, joyè Bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Archdeacon Henry Dallimore fi dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933, orí ilẹ̀ tí a ti ro ni ó gbin nǹkan sí. Àwọn tí ó ro ó kò gba owó oṣù, wọn kò sì ní ẹni tí wọn ìbá kọ lẹ́tà sí.

Láìpẹ́ yìí mo lọ sí àjọ̀dún ìjọ kan ní abúlé kan ní Èkìtì. Nínú ìtàn ìjọ tí a kà, ojú ewé méjì ni a fi sọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò àwọn òyìnbó. Ìlà kan ṣoṣo ni ó sọ pé obìnrin kan tí ó ti oko ẹrú dé ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jọ láti gbàdúrà. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú mi pọ̀ jù tiwọn lọ, nítorí wọ́n ti mú ìwé náà wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, àmì ọ̀rọ̀ nìkan ni mo sì tún ṣe.

Èmi kò sọ èyí láti bu iyì Anna Hinderer kù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà tí ó kú ní 1870, ó sì ti ná ara rẹ̀ tán fún ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́ ọgbọ́n rẹ̀: ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀, títí dé orí agolo tí ó tà. Àwọn tí ó ti oko ẹrú dé kò sí mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó kù, àwọn náà sì ti ń darúgbó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ìwé àti gègé lọ bá wọn. Ẹ béèrè ìlú tí a ti mú ìyá wọn àgbà, ẹni tí ó rà á padà, ẹni tí ó kọ́ ọ ní àdúrà. Ṣùgbọ́n ṣáájú ohun gbogbo, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.