Onílé àti Àlejò Lójú Ogun

Ẹ bi ọmọ iléèwé kan ní Adó-Èkìtì pé kí ni Adékúnlé Fájuyì ṣe tí wọ́n fi gbẹ́ ère rẹ̀. Yóò dá yín lóhùn kíá pé: ó bá àlejò rẹ̀ kú ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1966, àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ mú òun àti Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba tó gbà lálejò ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Àwọn kan ní ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti ní òun náà lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ikú yẹn ti bo ìyókù ayé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni mélòó ló rántí pé ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yọ nínú ibùba ọ̀tá ní Kóńgò, tí wọ́n fi fún un ní Military Cross ní 1961?

Ìwé kan ló mú mi ronú bẹ́ẹ̀: A Stroke of Unbelievable Luck, tí Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, kọ, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Fádoyèbọ̀ kì í ṣe ọ̀gá ológun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fún un. Ní Bọ́mà, ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan yọ sí wọn létí odò Kaladan. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èyí kò sọ tẹ́lẹ̀. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló ṣẹ́kù nínú igbó.

Ohun tó wù mí nínú ìwé yìí ni pé kò fọ́nnu. Ẹ̀rù, ebi àti ìrora ló ń sọ, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ará ilé. Shuyiman, Mùsùlùmí ará abúlé kan, gbé wọn pamọ́ sílé rẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù Kejìlá.

Àkọlé ìwé náà nìkan ni mo bá jiyàn. Fádoyèbọ̀ ní oríire ni. Oríire kẹ̀? Bí àwọn ará Japan bá ká wọn mọ́lé Shuyiman, ṣé oríire ni yóò gba òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí à ń yin Fájuyì fún gan-an ló ṣe: ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún àlejò. Kò wọ aṣọ ológun, kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Bí ọmọ ogun lásán kan kò bá jókòó kọ̀wé, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Fádoyèbọ̀ kú ní 2012. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú ère Fájuyì. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé yìí sétí àwọn ọmọ rẹ̀ ní èdè wa, kí wọ́n lè mọ̀ pé akọni kò pin sórí ọ̀gá.