Ẹ̀rín Ọ̀nì, Ijó Òjòlá: Àríwísí lórí Orúkọ Tí Àwọn Ológun Wa Ń Sọ Iṣẹ́ Wọn

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ológun ilẹ̀ wa pa orúkọ kan dà. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pè ní Ijó Òjòlá ní ilẹ̀ Ìgbò láti ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ di Atilogwu Udo. Atilogwu ni ijó tí àwọn ọ̀dọ́ Ìgbò máa ń fi ìtàkìtì jó. Udo ni àlàáfíà. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ti rí i níkẹyìn pé òjòlá kì í jó kí inú ẹni tó ń wò ó dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà, tiwa ní ìhà Èkó àti Niger Delta kò yí padà. Ẹ̀rín Ọ̀nì ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, Ẹ̀rín Ọ̀nì náà ni wọ́n tún kéde.

Àwọn orúkọ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, bí a ṣe máa ń yẹ ewì wò ní kíláàsì lítíréṣọ̀. Ẹlòmíràn lè ní orúkọ lásán ni, pé ìbọn ni kí n wò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ológun fúnra wọn ló sọ pé ìbọn nìkan kò tó. Ọ̀gágun Gerald Templer, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ sí Malaya ní ọdún 1952, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di olókìkí pé inú ọkàn àwọn ará ìlú ni ìṣẹ́gun wà, kì í ṣe nínú kíkó sójà kún inú igbó. (Ní Malaya yìí kan náà, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí abúlé tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Ó rọrùn láti ka ọkàn tí a ti fi wáyà yí ká.) Bó bá jẹ́ ọkàn wa ni wọ́n ń wá, a jẹ́ pé orúkọ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wa sọ. Kí ọkọ̀ ológun tó yọ ní kọ́nà, orúkọ ti dé orí rédíò. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni àwọn wọ̀nyí wò?

Ẹ wo ti Borno. Zaman Lafiya ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn gbígbé ní àlàáfíà. Ní Oṣù Keje ọdún 2015 ó di Lafiya Dole. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ìdajì rẹ̀, nítorí ọmọ ìyá ni lafiya àti àlàáfíà, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àti Haúsá ti yá a. Dole ni dandan. Àlàáfíà tipátipá nìyẹn. Mo fẹ́ràn òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é tu ẹnikẹ́ni nínú: àgbẹ̀ tí Boko Haram ti fi tipátipá lé kúrò lóko tún gbọ́ tipátipá lẹ́nu ẹni tó wá gbà á sílẹ̀. Ó di ọdún 2021 kí wọ́n tó sọ ọ́ di Hadin Kai, ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 2013 ni àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri ti ń gbé igi àti àdá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ibi tí orúkọ ti ṣe ìpalára jù lójú mi ni ilẹ̀ Ìgbò. Ijó Òjòlá ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017. Lásìkò náà fídíò ń lọ láti fóònù dé fóònù, níbi tí sójà ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ dùbúlẹ̀ sínú omi ẹrọ̀fọ̀. Nínú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n tún ti ń ṣètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún àwọn ará ìlú, èyí tí í ṣe ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí ológun fi ń wá ojúrere. Ní Oṣù Kẹwàá wọ́n ṣe é ní Ozubulu, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Àrùn monkeypox sì ti bẹ́ sílẹ̀ ní Bayelsa ní oṣù tó ṣáájú. Kíá, ìròyìn tàn pé àwọn sójà ń gún àwọn ọmọ ilé ìwé lábẹ́rẹ́ tí yóò kó àrùn náà ràn wọ́n. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí sáré dé ilé ìwé, wọ́n ń fa ọmọ wọn jáde ní kíláàsì. Ìbẹ̀rù náà kọjá Anambra, ó dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń fi ìtàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, pé àìmọ̀kan ló ń da àwọn ìyá yẹn láàmú. Lójú tèmi, wọ́n ka orúkọ náà bó ṣe yẹ kí a kà á. Ẹ sọ fún ìyá kan pé òjòlá ń bọ̀ wá jó ní àdúgbò rẹ̀. Ó rí ẹrọ̀fọ̀ nínú fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òjòlá kan náà ní òun fẹ́ tọ́jú ọmọ rẹ̀. Òjòlá kì í kàn bu ẹran jẹ lásán. Ó máa ń dì mọ́ ọn ni. Ohun tó wá dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyá tó sá fún dókítà ológun lónìí lè sá fún nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá lọ́la, ọmọ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ní Yaba wa níbí, ilé ìwòsàn ológun wà, èyí tí wọ́n ń pè ní 68 Nigerian Army Reference Hospital. Àwọn tí kì í ṣe sójà náà ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Mo ti bá ìyá àgbà mi lọ. Wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n di káàdì mú, wọ́n ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa orúnkún. Kò sí ẹni tó ń fa ọmọ jáde. Aṣọ kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé náà ti pẹ́ láàárín wa, kò sì sí ẹranko kankan nínú orúkọ rẹ̀.

Ọmọ kíláàsì mi kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ sójà bá mi jiyàn. Ó ní, “Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń dẹ́rù bà, àwọn ọ̀daràn ni. Ṣé ẹni tó lè má padà wálé ni kó gbé orúkọ dídùn lọ sójú ogun?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, torí bàbá rẹ̀ ti lo ọdún méjì ní Borno. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti àwọn ọ̀daràn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ sí bárékè. Àwa ni wọ́n ń kà á fún lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àwa ará Mushin àti Surulere kọ́ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé agbára orúkọ fún. Ní ọdún 1976 Fela fún àwọn sójà ní orúkọ kan ṣoṣo, Zombie, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ní ọjọ́ 18, Oṣù Kejì, ọdún 1977, wọ́n dáná sun Kalakuta ní ọ̀nà Agége Mótò. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Màmá náà kú ní Oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìwádìí ìjọba ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Orúkọ mìíràn nìyẹn, Fela sì tún fi ṣe àwo orin.

Ó wá ku ọ̀nì. Ọ̀nì kì í rẹ́rìn-ín; eyín rẹ̀ ló máa ń hàn síta kódà nígbà tó bá pa ẹnu dé. Ní ọjọ́ 17, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, nígbà tí ìwọ́de EndSARS ti gba gbogbo Èkó, àwọn ológun kéde Ẹ̀rín Ọ̀nì ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, láti ọjọ́ 20 oṣù náà títí di ọjọ́ 31, Oṣù Kejìlá. Ohun tuntun wà nínú rẹ̀: fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn yóò máa wá irọ́ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò sì máa gbógun tì í. Wọ́n ní kò kan ìwọ́de. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 gan-an, sójà yìnbọn ní Lekki, lódìkejì afárá sí wa. Lórí Twitter, àwọn ológun gbé àkọlé ìwé ìròyìn jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa gàdàgbà pé ìròyìn èké ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Divíṣọ̀n 81 ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló pe àwọn.

Mo ti wo àwọn òǹtẹ̀ yẹn léraléra. Wọ́n dà bí iṣẹ́ tíṣà tó fa ìlà pupa sórí ìwé mi láìkọ ohun tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe yóò fi dé, níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó ti tó oṣù kan, ó sì ti di oríṣi méjì: ọ̀gágun tó wá jẹ́rìí kọ́kọ́ ní ọta tí kì í pani ni wọ́n yìn sójú ọ̀run, lẹ́yìn náà ó ní àwọn sójà kó ọta gidi dání pẹ̀lú.