Ẹni Tó Dákẹ́ Lórí Rédíò

Nílé wa ní Fate, nílùú Ìlọrin, bí iná bá ti lọ lálẹ́, asọ̀rọ̀mágbèsì Ìyá àgbà ni gbogbo wa máa ń yí ká. Mo rò pé mo ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ eré orí rédíò dáadáa, kí olùkọ́ wa tó gbé eré Shakespeare kan, Richard II, wá sí kíláàsì lórí fóònù rẹ̀. Ó wà lára Vivat Rex, eré alápá 26 tí BBC ṣe lọ́dún 1977 láti inú àwọn eré ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Richard Burton ló ń pa ìtàn rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1595 ni Shakespeare kọ Richard II. Ọba Richard gba ogún Bolingbroke, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Bolingbroke kó ogun dé, ó sì gba adé. Ibi tí ọba ti ń bọ́ adé lórí ni ọkàn eré náà. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀ lọ́dún 1597. Ọdún 1608 ló tó jáde, lẹ́yìn tí Ọbabìnrin Elizabeth ti wàjà.

Rédíò yẹ Richard. Bí agbára ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dùn sí i. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ìtàn náà fún Ìyá àgbà. Wọ́n bi mí pé, "Ẹni tó gba adé ńkọ́? Kí ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọba ń sunkún?" N kò rí èsì fọ̀. Mo gbàgbé pé Bolingbroke wà níbẹ̀.

Mo lọ ka ìwé eré náà. Bolingbroke wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbólóhùn díẹ̀ ló ń sọ. Lórí ìtàgé, a ó rí i lórí ìdúró, yóò máa wo adé. Lórí rédíò, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ti kúrò nílé. Àléébù tí mo rí nìyí: àánú ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ṣe mí, mo sì gbàgbé ẹni tí ó rẹ́ jẹ.

Mo wá ronú kan Baṣọ̀run Gáà, eré tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde lọ́dún 1972. Gáà fi Agbọ́nyín, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, rúbọ. Abíọ́dún pa á mọ́ra títí ọwọ́ fi tẹ Gáà lọ́dún 1774. Bí a bá gbé e sórí rédíò lásán, ohùn Gáà nìkan ni yóò gba ilé kan. Ìfaradà Abíọ́dún kò ní dé etí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Nígbàkígbà tí Abíọ́dún bá dákẹ́, kí dùndún rọra pe oríkì rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Olùgbọ́ yóò mọ̀ pé ọba wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, kò sì tíì gbàgbé.

Ó wù mí kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Ìlọrin dán an wò. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, Ìyá àgbà kò ní bi mí pé ẹnì kejì ńkọ́.