Ogbó Tí Ó Mọ̀nà: Àyẹ̀wò Ìtàn Orúkọ Ìgbómìnà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbára dì fún ìdánwò léèrè ibi tí orúkọ Ìgbómìnà ti wá, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó dé. Yóò ní Odùduwà fún ọmọ rẹ̀ Ajàgúnńlá ní àdá kan tí ń jẹ́ Ogbó nígbà tí ó ń kúrò ní Ifẹ̀. Yóò ní àdá náà ni ó ń la igbó níwájú rẹ̀ tí kò fi ṣìnà. Yóò ní ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń sọ pé ‘Ogbó mi mọ̀nà’, tí gbólóhùn náà sì di Ìgbómìnà lẹ́nu àwọn ọmọ tí ó kẹ́yìn. Yóò fa ìlà sí ìdí ìdáhùn náà, yóò sì kọjá sí ìbéèrè kejì. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Abẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn ni a ti bi í ní ìbéèrè, bí ẹni tí a pè láti wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ni ó sì ṣe dáhùn.

Kò sí bí a ṣe lè mọ iyì ìtàn yìí bí a kò bá kọ́kọ́ wo irú àwọn ènìyàn tí ó ń sọ̀rọ̀ wọn. Ìgbómìnà kò ní ọba kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń forí balẹ̀ fún. Ọ̀ràngún wà ní Ìlá, Ọ̀ràngún mìíràn wà ní Òkè-Ìlá. Olómù wà ní Òmù-Àrán, Olúpo wà ní Àjàṣẹ́, Ẹlẹ́sìẹ́ sì wà ní Ẹ̀sìẹ́, láì ka àwọn ìlú kéékèèké tí olúkúlùkù wọn ní baálẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀. Àwọn fúnra wọn a máa pín ara wọn sí Mọ̀sàn àti Mọ̀yè. Bí a bá sì tẹ́tí sí àwọn arọ́kin ìlú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gbọ́ pé Ifẹ̀ ni àwọn kan ti wá, pé Ọ̀yọ́ ni àwọn mìíràn, pé Kétu ni, pé Èkìtì ni, pé ilẹ̀ Nupé ni. Púpọ̀ nínú wọn kò sì jókòó sí ojú kan. Ìlá tí à ń pè ní Ìlá-Ọ̀ràngún lónìí kọ́ ni Ìlá àkọ́kọ́. Ìlá-Yàrà, tí ìtàn ṣì ń dárúkọ títí di òní, ti wà ṣáájú rẹ̀. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti Ìlọrin, ti Nupé àti ti Ìbàdàn, sì tún lé àwọn mìíràn kúrò nídìí ààrò wọn. Iṣẹ́ ìwádìí Aribidesi Usman lórí àwọn ahoro ìlú Ìgbómìnà, àti ìwé tí John Pemberton àti Funso Afolayan kọ lórí ọba Ìlá ní 1996, fi ìdí ọ̀rọ̀ ìṣípòpadà yìí múlẹ̀ tó fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kà á.

Àwọn arìnrìn-àjò tí kò ní odi kan, tí kò ní ọba kan, tí wọn kò sì ti orísun kan wá, ni ìtàn yìí fẹ́ sọ di orílẹ̀ kan. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Apìtàn ìlú tí ó ní ààfin kan ṣoṣo lè so gbogbo ènìyàn mọ́ adé. Apìtàn Ìgbómìnà kò ní adé kan tí ó tó gbogbo wọn í so mọ́, nítorí náà ó wá nǹkan mìíràn.

Àdá ni ó mú. Ibí yìí ni ọgbọ́n ìtàn náà wà, ibí yìí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń sáré kọjá. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó mọ̀nà nínú ìtàn náà. Kì í ṣe Ajàgúnńlá. Ọmọ Odùduwà ni, akọni ni, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ lé irin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí afọ́jú ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀pá! Nínú ìtàn ìwásẹ̀ Yorùbá, àṣẹ àti agbára akọni ni ó sábà máa ń dá ìlú sílẹ̀. Ìtàn yìí yọ ìmọ̀ kúrò lórí ọba, ó fi sínú ohun èlò. Àdá kì í ṣe ọ̀kọ̀, kì í sì í ṣe ọfà. Bí a tilẹ̀ lè fi jagun, òun náà ni à ń fi ṣán oko, ọwọ́ tálákà sì tó o. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣán igbó rí kí ó tó kọ́ ahéré lè rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà láì béèrè ẹni tí ó bí baba ńlá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò, òun ni ‘mi’. Apìtàn kò sọ pé Ogbó ọba mọ̀nà, kò sì sọ pé Ogbó baba wa mọ̀nà. ‘Ogbó mi’ ni ó wí. Ta ni ‘mi’ yìí? Ajàgúnńlá ni nígbà tí ìtàn ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí gbólóhùn náà di orúkọ, ẹni tí ó bá ń pe orúkọ náà ni, ìbáà jẹ́ ará Òmù-Àrán tàbí ará Ìlá, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba tàbí àjòjì tí baba rẹ̀ kàn wá dó síbẹ̀. Lọ́nà báyìí ni àdá kan ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láì sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ sì tún kíyè sí i pé ọ̀nà ni Ogbó mọ̀. Ìtàn náà kò sọ pé ó mọ ilé, kò dárúkọ ìlú kan pé ibẹ̀ ni òpin ìrìn. Èyí bá àwọn tí wọ́n ti ṣí kúrò ní ìlú wọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta mu gan-an.

Ní ti ẹ̀dá-èdè, ìtumọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí àwọn tí ń kọ ọ́ sínú ìwé ṣe rò. Ìpajẹ fáwẹ̀lì lè sọ ‘mọ̀’ àti ‘ọ̀nà’ di ‘mọ̀nà’, kò sì ṣòro láti gbà pé ‘mi’ ti sọnù sínú ‘mọ̀’ tí ó tẹ̀ lé e. Ohùn orí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ bára mu: òkè ni ti ‘gbó’, ìsàlẹ̀ méjì sì ni ó tẹ̀ lé e, nínú gbólóhùn àti nínú orúkọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ ‘o’ ìbẹ̀rẹ̀ di ‘ì’, tí ohùn rẹ̀ fi tún wálẹ̀ láti àárín? Kí ni ó sọ ‘mọ̀’ di ‘mì’? Kò sí òfin ìpajẹ tàbí ti àrànmọ́ tí a ń kọ́ ní kíláàsì tí ó lè dáhùn ìyẹn. Ó jọ pé orúkọ ni ó ṣáájú, tí ìtàn wá tẹ̀ lé e. Èyí kò dín iyì ìtàn kù. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti ṣókùnkùn, tí ó sì gbọ́ àdá, ìrìn àti ọ̀nà nínú rẹ̀, akéwì ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, lè fi ìrìn Òkè Láńgbòdó wé èyí. Àwọn ọdẹ tí ìwà àti ẹ̀bùn wọn yàtọ̀ ni ìrìn náà kó jọ: Kàkò pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dóyè pẹ̀lú ọgbọ́n rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀. Iṣẹ́ ọba ni ó so wọ́n pọ̀, ìlú tí wọ́n ti jáde ni wọ́n sì ń wá ire fún. Kùmọ̀ Kàkò, ti Kàkò nìkan ni. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè pè é ní ‘kùmọ̀ mi’. Àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn dùn ún kà ju Ajàgúnńlá lọ, nítorí Fágúnwà fún olúkúlùkù wọn ní ìwà, ìtàn Ogbó kò sì fún akọni tirẹ̀ ní ìwà kankan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni tiwọn, wọn kò di orílẹ̀.

Ìtàn Ogbó ní àbùkù, a kò sì gbọdọ̀ bò ó. Igbó tí Ajàgúnńlá là kọjá ṣófo. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fún un lómi mu, kò sí onílẹ̀ tí ó bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ilẹ̀ kì í ṣófo bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ rí, àti àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà Nupé tàbí Ọ̀yọ́ dé, ni ìtàn náà gbé mì. Ìtàn àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ère náà lé ní 800, a sì ti kọ́ ilé fún wọn láti 1945. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Níbẹ̀, àwọn kan ti dé ṣáájú, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní tí wọ́n ń wo ẹni tí ó dé lẹ́yìn. Bí a bá ka ìtàn kìíní láì ka ìkejì, a ó rò pé ìran kan ṣoṣo ni ó ni gbogbo ilẹ̀ náà.

Ìpalára inú èyí kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Ìjọba amúnisìn fi Ìlá sí apá Gúúsù, ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú Ìgbómìnà sí Ìlọrin ní apá Àríwá. Lónìí, Ọ̀ṣun ni Ìlá àti Òkè-Ìlá wà, Kwara sì ni Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́. Orúkọ kò gba ààlà náà gbọ́, ó ń ré e kọjá láìgbàwé àṣẹ. Nígbà tí wọ́n para pọ̀ mọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1878, tí a tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, Èkìtìparapọ̀ ni a pe ẹgbẹ́ náà. A kò gbọ́ Ìgbómìnà nínú orúkọ rẹ̀ rárá. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ tí ó so wọ́n pọ̀ ju gbólóhùn yẹn lọ. Bí ìlú kan bá wá gbé e dání bí ìwé ẹ̀rí pé òun ni àgbà, pé ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo àwọn yòókù ti ya, ‘Ogbó mi’ yóò di ‘Ogbó tèmi nìkan’.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò gba ibẹ̀ lọ. Ibi tí orúkọ bá ti dé ni ó dúró sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọba tí wọ́n yapa láti Ìlá-Yàrà wá, tí ọ̀kan dá Ìlá sílẹ̀, tí èkejì dá Òkè-Ìlá sílẹ̀, tí Ọ̀ràngún sì di méjì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tí ó le díẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: èé ṣe tí apìtàn fi sọ ọ̀rọ̀ àdá tán pátápátá kí ó tó dé orí ìjà àwọn ọmọ ọba?