Etí Oníṣẹ́ CNC ní Mushin

Ní Mushin, lágbègbè ọjà pátákó Amu, etí lèèyàn fi ń dá oníṣẹ́ CNC (ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí) tó mọṣẹ́ mọ̀ kó tó fojú rí i. Bí bíìtì, irin tó ń gé igi, bá wọnú pátákó tí ohùn rẹ̀ ń lọ geere láìyí padà, ọ̀gá ló wà nídìí ẹ̀rọ. Bó bá ń han gooro, ó ń yí ju bó ṣe ń rìn lọ. Kò gé igi mọ́, ó kàn ń fara ha á ni, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbóòórùn igi jíjó. Bó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, wọ́n ti lé e ju agbára rẹ̀ lọ, ó ti fẹ́ ṣẹ́ nìyẹn.

Ìṣirò tó wà nídìí ohùn yẹn kò le. Ká ní bíìtì ẹlẹ́nu méjì ń yí ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ń bu mìlímítà 0.1 jẹ, ó gbọ́dọ̀ rin mìlímítà 2,000 ní ìṣẹ́jú náà. Ọ̀gá kì í jókòó ṣírò rẹ̀ mọ́. Ohun tó já sílẹ̀ ló ń fìka họ wò: bó bá jẹ́ igi gidi, èérún ló yẹ kó bọ́, kì í ṣe ìyẹ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Pátákó àtẹ̀pọ̀ tí wọ́n ń pè ní MDF ní tiẹ̀, ìyẹ̀ ni ṣáá, ẹni tó bá sì ń gé e láìbo imú ń fi ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ ṣeré.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wù mí jù ni bó ṣe jọ ti àwọn agbẹ́gilére wa. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọyẹ́-Èkìtì, ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére bíi tirẹ̀ ń tọ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ẹ̀rọ pàápàá kò lè fo ọnà lílé. Bíìtì tó nípọn, tí orí rẹ̀ tẹ́, ló kọ́kọ́ ń kó igi tí a ò fẹ́ kúrò. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí kékeré olórí rogodo, tí yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀ lórí iṣẹ́ náà títí. Ìyàtọ̀ kan ló ń dùn mí. Agbẹ́gilére á dán igi kó tó fín in, nítorí náà ojú ọ̀bẹ rẹ̀ á hàn ketekete. Ẹ̀rọ ń fín kí wọ́n tó dán an, bí ọmọṣẹ́ bá sì fi sáńpépà gbo ó jù, ojú ọnà á kú. Mo ti rí ilẹ̀kùn olówó ńlá tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá gidi á jẹ́ kí ipa tí bíìtì ń tọ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kí sáńpépà má baà níṣẹ́ púpọ̀.

Ẹ tún wo igun inú. Bíìtì róbótó kò lè gé e kó mú láéláé. Ẹni tó mọyì iṣẹ́ á fi ọ̀bẹ parí rẹ̀ lọ́wọ́.

Wàhálà tiwa níbí ni iná. Bó bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó gbọ́n fi ń fi òdo rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀nà, síbi tí bíìtì kò ní gé, bí ihò kékeré kan lára tábìlì, kó lè padà síbẹ̀ bí iná bá dé.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní 3018 ti tó: àyè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300 sí 180. Àjákù pátákó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe ìrókò. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó má mira, ẹ wọ awò ojú, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ nídìí bíìtì tó ń yí.