Orúkọ Atukọ̀ Nínú Ìwé Owó Oṣù

Àwọn tó ń kọ ìwé orúkọ atukọ̀ fún ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un kò ro ti ọmọ-ọmọ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ àti owó ni wọ́n ń rò. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ń jẹ bisikíìtì àti ẹran oníyọ̀ ìjọba, gbogbo wọn ló sì lówó oṣù láti gbà. Bí akọ̀wé bá fi orúkọ ẹni tó ti kú tàbí tó ti sá lọ sílẹ̀, owó á jáde lọ́nà àìtọ́, ọrùn òun ni wọ́n á sì ti bèèrè rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi fọkàn tán àwọn ìwé wọ̀nyí ju ìwé ìtàn tí ọ̀pọ̀ ọ̀gágun kọ nípa ara wọn. Ọ̀gágun ń kọ̀wé kí a lè yìn ín. Akọ̀wé ọkọ̀ ń kọ tirẹ̀ kí ìṣirò lè bára mu, ibi ìṣirò yìí sì ni ẹni tó ń wá baba ńlá rẹ̀ tó ṣe atukọ̀ yóò ti bá a.

Ní Kew, lápá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni National Archives ti ń tọ́jú wọn. ADM 36 ni àmì tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Tí o bá ṣí ọ̀kan, ìlà á lọ láti etí kan dé èkejì, atukọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Nọ́mbà ló ṣáájú. Ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi tó ti wá, àti bóyá òun fúnra rẹ̀ ló wá gba iṣẹ́ tàbí wọ́n fipá mú un. Láti nǹkan bí 1764 ni wọ́n ti ń kọ ọjọ́ orí àti ìlú ìbí mọ́ ọn, oore ńlá gbáà lèyí sì jẹ́ fún ẹni tó ń wá èèyàn. Lẹ́yìn orúkọ àti ipò, ó kan lẹ́tà: D fún ẹni tó kúrò lọ sínú ọkọ̀ mìíràn tàbí ilé ìwòsàn, R fún ẹni tó sá, DD fún ẹni tó kú. Gbèsè ló kù: aṣọ, ibùsùn, tábà, àti aṣọ òkú. Bí atukọ̀ bá kú, wọ́n á lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo nídìí òpó ọkọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á rà á, wọ́n á sì yọ owó náà nínú owó oṣù wọn. Ṣílè díẹ̀ tí wọ́n kọ síwájú orúkọ baba ńlá rẹ lè jẹ́ owó ẹ̀wù ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. N kì í lè yára ṣí ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá.

Kí olùwádìí ṣọ́ra fún ohun kan ṣá o. Àwọn orúkọ kan wà nínú ìwé wọ̀nyí tí kò sí èèyàn kankan lẹ́yìn wọn. Òfin ló ní kí wọ́n máa kọ wọ́n sílẹ̀, kí owó oṣù wọn lè wọ inú àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn opó ọ̀gá ọkọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi to gbogbo rẹ̀, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1853 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba atukọ̀ síṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́mbà tó ń tẹ̀ lé e láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ìwé tiwọn wà ní ADM 139, àwọn tó wọlé láti 1873 sì wà ní ADM 188. Níbẹ̀ ni baba ńlá ti ń di ẹni tí a lè fojú inú rí: bó ṣe ga tó, àwọ̀ irun àti ti ojú, àpá tó wà lára rẹ̀, ohun tó fín sí apá, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wọ ọkọ̀.

Fún àwọn tó ti wà ṣáájú ìgbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì ni a ó gbà lọ. Láti 1538, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, ni Thomas Cromwell ti pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Láti 1754 ni ọkọ àti ìyàwó ti ń buwọ́ lùwé, tàbí kí wọ́n fa ìlà méjì kọjá ara wọn bí wọn kò bá mọ̀wé. Láti 1813, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ìrìbọmi, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ baba ọmọ. Ní Portsea lẹ́bàá Portsmouth, àti ní Stoke Damerel tó wà ní Plymouth, iṣẹ́ atukọ̀ kún àyè yẹn dáadáa. Àlàfo àárín àwọn ọmọ gan-an ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ri ọmọ méjì bọmi tẹ̀léra, tí ọdún márùn-ún wá kọjá kí òmíràn tó dé, ó ṣeé ṣe kí baba wà lójú òkun, a sì lè wá a nínú ìwé àwọn ọkọ̀ tó gbéra ní èbúté náà láàárín ìgbà yẹn.

Ibi tí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé ọkọ̀ ti so mọ́ra ni mo fẹ́ràn jù. Ilé ìwé kan wà ní Greenwich láyé ọjọ́un fún ọmọ àwọn atukọ̀. Bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ wọlé síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá: ìwé ìgbéyàwó òbí, ìwé ìrìbọmi ọmọ, àti àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí baba ti bá ṣiṣẹ́. Àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí wà ní ADM 73. Ìyá tó ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kàwé ti fọwọ́ ara rẹ̀ kó gbogbo ohun tí àwa ń wá jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, James Pinson Labulo Davies gbé Sara Forbes Bonetta níyàwó. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni ìyàwó. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó o lẹ́rú, Ọba Ghezo sì fi í fún Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ní 1850. Ina ló ṣáájú nínú orúkọ tó wà nínú ìwé ìgbéyàwó náà, ìyẹn Àìná, lẹ́yìn náà ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta tó sì gbẹ̀yìn jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà gan-an. Ohun tí àwọn tó ń wá atukọ̀ ń fi ọdún wá kiri ti wà lára orúkọ ìyàwó kan, nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló kù dé Kew.

Ọkọ rẹ̀ gan-an ni atukọ̀. Abúlé Bathurst ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1828, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Ó kọ́ṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun Volcano lábẹ́ Robert Coote, ó sì wà nínú Bloodhound nígbà tí wọ́n fi àgbá lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851. Ó ṣòro fún mi láti ka ìyẹn kí ara mi má bù máṣọ: ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, lórí ọkọ̀ tó ń yìnbọn sí ìlú Yorùbá. Ìwé orúkọ atukọ̀ kò ní sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ tó jáde ni yóò sọ. ADM 38 ni kí ẹni tó ń wá ìwé irú ọdún yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ti àwọn òbí rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1808 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Freetown, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá ara. Àjàyí láti Òṣogùn, tí wọ́n mú gúnlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1822 lẹ́yìn tí ọkọ̀ Myrmidon gbà wọ́n, di Samuel Crowther nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1825. Òun sọ ìtàn ara rẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò rí àyè sọ tiwọn. Ní ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n di James, wọ́n di Nancy, ilà ojú wọn sì wà nínú ìwé kejì lábẹ́ orúkọ tí akọ̀wé kọ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ.

Davies fi iṣẹ́ ọkọ̀ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ ọjà, ó sì dó sí Èkó ní 1856. Láti ibẹ̀, ìwé Kew kò ní púpọ̀ láti sọ mọ́. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS, tó wà ní yunifásítì Birmingham, ló kàn. Ní 1859 ni Thomas Babington Macaulay dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, Davies ló sì fún un ní 50 pọ́n-ùn tó fi ra ìwé àti ohun èlò.