Mo Ń Bá a Gbé, A Jọ Ń Gbé

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin méjì kan tí mo ti kọ́ rí wá bá mi pé kí n ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Sẹ̀mẹ̀, ní ẹnubodè tí ó pààlà àwa àti orílẹ̀-èdè Benin, ni ilé àwọn òbí àwọn méjèèjì wà. Wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ wọn, iṣẹ́ olùkọ́ sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní Èkó. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Èkó, pẹ̀lú gbogbo ibi tí aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, yóò mọ̀ pé kò ṣe é gbà lọ gbà bọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n wá yàrá kan àti pálọ̀ sí ìtòsí Ìyànà-Ìbà. Wọ́n rí i, wọ́n sì da owó jọ, àbọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kìíní, àbọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ajẹ́ńtì bi wọ́n níwájú mi ni ó dá ọ̀rọ̀ dúró: ‘Orúkọ ta ni kí n kọ sí ìwé owó?’ Wọ́n wo ara wọn. Mo rí i pé wọn kò tíì rò ó rí.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo padà ka àwọn iṣẹ́ kan tí ó dá lórí ọ̀dọ́ tí ó wọ Èkó láìní ilé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ wí. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà nínú yàrá kan. A lè wí pé ‘Mo ń bá a gbé’. A sì lè wí pé ‘A jọ ń gbé’. Etí tí kò fara balẹ̀ lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹni tí ó ní òun ń bá ènìyàn gbé ti gbà pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ṣáájú òun, pé ẹni náà ni ó tẹ́ ẹní, òun ni ó wá bá a lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ní ‘a jọ ń gbé’ kò fi ẹnikẹ́ni ṣe àlejò. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí, ‘bá gbé’ ni mo bá pàdé. N kò rí ‘jọ gbé’, mo sì ka àìsí rẹ̀ sí àléébù ńlá.

Cyprian Ekwensi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi yàrá àyágbé ṣe egungun ìtàn, nínú *People of the City* tí ó jáde ní 1954. Amusa Sango, oníròyìn tí ó tún ń darí ẹgbẹ́ olórin, ń gbé ní ojúlé 20, òpópónà Molomo. Lajide ni onílé rẹ̀, olówó tí ó láya púpọ̀. Òǹkọ̀wé kò dárúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n kò sí ará Èkó tí kò ní dá a mọ̀. Ọjọ́ tí Lajide lé Sango jáde ni nǹkan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Yàrá lọ, iṣẹ́ náà sì lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìparí, òun àti ìyàwó rẹ̀ kọrí sí Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí. Mo gbóríyìn fún Ekwensi níhìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí a lé kúrò nínú yàrá ní ìlú ńlá kò pàdánù ibi orun nìkan. Ó pàdánù ibi tí a ti lè wá a kàn. Ṣùgbọ́n Lajide gba ojú ìwé jù. Àwọn ọ̀rẹ́ Sango ń wọlé, wọ́n ń jáde bí èrò ibùdókọ̀, a kò sì mọ ohun tí yàrá náà ṣe sí ìbáṣepọ̀ wọn. (Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ lọ sí Gánà ní ayé òde òní, Sẹ̀mẹ̀ ni yóò sábà gbà kọjá. Àwọn ọmọ Sẹ̀mẹ̀ ti rí irú Sango bẹ́ẹ̀ lọ jáǹtìrẹrẹ kí àwọn náà tó di ẹrù ru lọ sí Èkó.)

*Basi and Company*, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí Ken Saro-Wiwa kọ, tí NTA sì ń gbé jáde títí di 1990, sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Basi àti Alali, ọ̀rẹ́ méjì tí kò níṣẹ́, wà nínú yàrá kan ní òpópónà Adétọ́lá. Madam, obìnrin tí ó ni ilé, kò sì yé kan ilẹ̀kùn béèrè owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú. Ète òǹkọ̀wé ni láti fi àwọn tí ó fẹ́ lówó láìṣiṣẹ́ ṣẹ̀sín, ó sì ṣe é yanjú. Ẹni kan náà yìí ni ìjọba ológun so kọ́ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 1995. Ó máa ń ṣòro fún mi láti rántí ẹ̀rín náà láìrántí ìyẹn.

Ẹ wo Alali dáadáa. Bí Madam bá dé, Basi ni ó ń bi. Alali kò jẹ ẹ́ ní gbèsè, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú yàrá náà. Bí Basi bá lọ lóru ọjọ́ kan, òde ni Alali yóò bá ara rẹ̀. Eré náà kò béèrè bí èyí ṣe rí lára rẹ̀. Kò lè béèrè, nítorí irú eré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ebi ń pa Alali, Basi jẹ owó ilé, Madam kanlẹ̀kùn.

Chinua Achebe ni ó rí i jinlẹ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé díẹ̀ ni ó fún un nínú *No Longer at Ease*, 1960. Kí Obi Okonkwo tó lọ kàwé ní Ìlú Òyìnbó, ọ̀dọ̀ Joseph ni ó dé sí ní Obálẹ́ndé. Wọ́n ti jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Umuofia. Joseph ti di akọ̀wé ní iléeṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀. Nígbà tí Obi padà dé pẹ̀lú oyè, ìjọba fún un ní ilé ní Ìkòyí, àdúgbò tí ó ti jẹ́ ti òyìnbó. Ó fẹ́ fẹ́ Clara, ọmọ ìdílé osu, àwọn tí àṣà Ìgbò yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà tí a kì í sì í bá dána. Ó sọ fún Joseph. Joseph sọ fún ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ Umuofia. Ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní gbangba ìpàdé.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà, ni ó pe Joseph ní ọ̀dàlẹ̀. N kò gbà. Ní Obálẹ́ndé, Obi ń bá Joseph gbé. Ẹni tí ó fún ènìyàn ní ibi orun ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá máa ń rò pé òun ti di ẹ̀gbọ́n fún un títí ayé, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pamọ́ fún òun, pé òun sì lè bá àwọn àgbà sọ ọ́. Nísinsìnyí Obi ti ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní Ìkòyí, èyí tí Joseph kò lè kàn ṣí wọlé. Achebe kò fi èyí sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó kàn gbé yàrá kan sí Obálẹ́ndé, ó gbé òmíràn sí Ìkòyí, ó sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ méjì bàjẹ́ láàárín wọn. Síbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ni yàrá tirẹ̀. Kò sí ibi tí Obi àti Joseph ti jọ sanwó kan.

Bí a bá kọjá òkun pàápàá, bákan náà ni. Nínú *Second-Class Citizen* ti Buchi Emecheta, 1974, Adah àti ọkọ rẹ̀ ń wá yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òyìnbó sì ń kọ̀ wọ́n nítorí àwọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, Yorùbá tí ó ni ilé tí wọ́n wà ni ó ti ní kí wọ́n kó jáde. Kí àwa náà má sọ pé a kò gbọ́.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mi méjì. Ilé bàbá ọ̀kan nínú wọn ní Sẹ̀mẹ̀ ní yàrá tí wọ́n ń yá fún àwọn oníṣòwò tí ń kọjá sí Kùtọnú. Ìwé owó kò ṣàjèjì sí i, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń kọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Kò kọ orúkọ méjì sí ẹyọ kan rí. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, sọ pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìwé owó tí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ajẹ́ńtì tiwa ti kọ́kọ́ béèrè ti ọdún méjì. Nígbà tí mo dárúkọ òfin, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Pùròfẹ́sọ̀ má bínú, ó sì sọ ọ́ di ọdún kan. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni ó ní òun yóò kọ. Ó ní ẹni tí òun mọ̀ ni òun lè bá ṣẹjọ́.

A jókòó sí i pẹ́. Èyí àgbà nínú wọn ní kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò òun, ó ní kò burú. Mo kọ̀. Mo ní bí orúkọ méjì kò bá wọ ìwé, n kò ní tọwọ́ bọ ìwé onígbọ̀wọ́. Ajẹ́ńtì kùn, ó kọ ọ́. Àyè orúkọ kò gba méjèèjì, nítorí náà ìkejì wọ inú àyè tí ó yẹ kí ó kọ iye owó sí.

Wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí èyí àgbà fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó pè mí lórí fóònù pé ṣé òun lè ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé tuntun. Mo ní kí ó bi ẹnì kejì rẹ̀. Ó ní òun ti bi í, ó ní kí òun fi í sílẹ̀ ná.